Adájọ́ Orí Tẹlifíṣọ̀n àti Adájọ́ Tòótọ́: Ẹ̀kọ́ Inú Ìkọ̀sílẹ̀ Ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà



Àwọn àgbà Yorùbá máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a tún ṣọ̀rẹ́. Ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ọ́ ni pé bí ìjà ẹni méjì bá ti dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹnu bá sọ níbẹ̀ kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ń jà lórí ilẹ̀ tàbí lórí gbèsè, báwo ni yóò ti rí fún ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ti jọ sùn, tí wọ́n ti jọ jí, tí wọ́n sì ti jọ bímọ? Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ di eré ìdárayá. Wọ́n ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn a sì jókòó ti oúnjẹ wọn, wọn a máa wò ó, wọn a máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni ó ti wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn rò pé bí òfin Amẹ́ríkà ṣe ń tú ìgbéyàwó ká nìyẹn: kí ọkọ dúró sí apá kan, kí ìyàwó dúró sí apá kejì, kí wọ́n máa tú àṣírí ara wọn, kí adájọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí ó lu òòlù mọ́ tábìlì, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Àṣìṣe ńlá ni èrò yìí. Ohun tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ sí ohun tí òfin ń ṣe, bí òjìji ṣe yàtọ̀ sí ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ lára òjìji yóò ṣìnà. Ẹni tí ó bá sì wo òfin náà dáadáa yóò rí ohun tí ó yẹ kí Mùsùlùmí fi yẹ ara rẹ̀ wò.

Eré tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Divorce Court, ìyẹn Ilé-Ẹjọ́ Ìkọ̀sílẹ̀. Ọdún 1957 ni ó kọ́kọ́ jáde, ó sì wà títí di ọdún 1969. Voltaire Perkins ni ó ń jókòó sí àga adájọ́ nígbà náà. Òṣèré ni ọkọ, òṣèré ni ìyàwó, òṣèré náà ni àwọn ẹlẹ́rìí. Nígbà tí eré yìí tún padà dé ní ọdún 1984, William Keene, adájọ́ tòótọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ni wọ́n fi sórí àga, ṣùgbọ́n òṣèré ṣì ni àwọn tí ó ń rojọ́. Ọdún 1999 ni nǹkan yí padà. Wọ́n gbé Mablean Ephriam, agbẹjọ́rò obìnrin kan ní Los Angeles, sórí àga, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú tọkọtaya gidi wá síwájú rẹ̀. Ní ọdún 2006, Lynn Toler, tí ó ti ṣe adájọ́ rí ní Cleveland Heights ní ìpínlẹ̀ Ohio, gba ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2020. Ẹ kíyè sí ìyípadà tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí eré náà jẹ́ irọ́, òṣèré ni ó ń sunkún. Nígbà tí ó di òtítọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ ń wó ni ó ń sunkún, ṣùgbọ́n òǹwòran kò yí ẹ̀rín rẹ̀ padà.

Kí ni agbára adájọ́ orí tẹlifíṣọ̀n? Agbára rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Àwọn tí ó wá rojọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò gba ohun tí ó bá sọ. Bí a bá fẹ́ pè é ní orúkọ rẹ̀, onílàjà ni, onílàjà tí àwọn oníṣòwò fi owó gbà, tí wọ́n sì wọ̀ ní aṣọ adájọ́. Ó lè sọ ẹni tí yóò san gbèsè, ó lè sọ ẹni tí yóò mú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò lè tú ìgbéyàwó ká. Ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ nìkan ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo eré mìíràn tí ó jọ ọ́, èyí tí Judith Sheindlin, tí ó ti ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí rí ní New York, ṣe láti ọdún 1996 títí di ọdún 2021. Nínú eré yẹn, owó tí adájọ́ bá ní kí ẹni tí ó jẹ̀bi san kì í ti àpò rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó ni eré ni ó ń san án. Ẹ gbọ́ irú ìdájọ́ tí ẹni tí ó jẹ̀bi kò fi pàdánù kọ́bọ̀! Ohun tí ó pàdánù ni iyì rẹ̀, ìyẹn kò sì sí nínú ìṣirò wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn adájọ́ wọ̀nyí máa ń gba tọkọtaya níyànjú, àti pé ẹni tí ó ń wò ó nílé lè fi ti ẹlòmíràn kọ́gbọ́n. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ràn rere ń jáde lẹ́nu wọn nígbà mìíràn, ẹni tí ó bá ní òun kò gbọ́ ọ rí kò ṣe òdodo. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí a gba ènìyàn lójú ọjà, níbi tí gbogbo ojú ti ń wò ó, ìtìjú ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ kí ọgbọ́n tó wọlé. Àwọn ọmọ tọkọtaya náà ńkọ́? Bàbá àti ìyá lè gbàgbé ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, àwòrán kì í gbàgbé. Bí ọmọ bá dàgbà, yóò rí ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé bàbá rẹ̀ kò wúlò. Ta ni yóò san owó ìtanràn fún ọmọ yẹn?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, kí a wọ inú ilé-ẹjọ́ gidi.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó ní òfin ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀. Láyé àtijọ́, òfin wọ̀nyí le koko. Ní ìpínlẹ̀ New York, láti ọdún 1787 títí di ìgbà tí wọ́n tún òfin ṣe ní ọdún 1966, àgbèrè nìkan ni ó lè mú kí adájọ́ tú ìgbéyàwó ká. Ọkọ ìbáà máa lu ìyàwó, ìyàwó ìbáà sá lọ, òfin kò kà á sí. Ìpínlẹ̀ South Carolina kò tilẹ̀ gba ìkọ̀sílẹ̀ kankan láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di ọdún 1949. Ẹnìkan lè rò pé irú òfin líle bẹ́ẹ̀ ni yóò dá ààbò bo ìgbéyàwó. Ohun tí ó bí ni irọ́. Ní New York, àwọn tí kò ṣe àgbèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí ó ṣe é. Ọkọ yóò lọ gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọn yóò fi owó gba obìnrin kan wá bá a níbẹ̀, ayàwòrán yóò já wọlé lójijì, yóò ya fọ́tò. Fọ́tò yìí ni wọn yóò gbé lọ síwájú adájọ́, tí ẹlẹ́rìí yóò sì búra lé e lórí. Àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ìlú Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada ni wọ́n ń lọ, nítorí pé láti ọdún 1931, ẹni tí ó bá ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ 6 péré lè gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀. Báyìí ni òfin kan náà ṣe di irọ́ fún mẹ̀kúnnù, tí ó sì di ìrìn-àjò fáàjì fún olówó.

Ní ọdún 1969, Ronald Reagan, tí ó jẹ́ Gómìnà California nígbà náà kí ó tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí òfin tuntun kan. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Láti ìgbà náà, ọkọ tàbí ìyàwó kò ní láti fi ẹ̀sùn kan ẹnìkejì mọ́ kí ilé-ẹjọ́ tó tú wọn ká. Ó tó kí ó sọ pé ìyàtọ̀ àárín àwọn ti kọjá àtúnṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀lé e, New York ni ó sì gbẹ̀yìn ní ọdún 2010. Òfin yìí ní ojú méjì. Ó pa irọ́ inú hòtẹ́ẹ̀lì rẹ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó sọ ilẹ̀kùn ilé di ohun tí ẹnìkan ṣoṣo lè ṣí gbayawu, kí ó sì jáde, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í pé kí ni ẹnìkejì ṣe fún un. Onílàákàyè ni yóò sọ ojú tí ó tóbi jù nínú méjèèjì.

Kí wá ni adájọ́ tòótọ́ ń ṣe? Kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ wọ̀nyí ni kò tilẹ̀ dé ibi àríyànjiyàn níwájú rẹ̀, nítorí pé tọkọtaya àti àwọn agbẹjọ́rò wọn ti jókòó, wọ́n ti fẹnu kò, adájọ́ kàn ń yẹ ìwé wò, ó sì ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Ní California, ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní àti gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ sílẹ̀ lábẹ́ ìbúra. Kò sí ẹni tí yóò rí òmìnira gbà kí oṣù 6 tó pé láti ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti dé ọwọ́ ẹnìkejì. Ní ti ọmọ, ohun tí yóò ṣe ọmọ ní àǹfààní ni òfin ní kí adájọ́ wò. Bàbá tí kò bá fẹ́ san owó ìtọ́jú ọmọ, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbàgbé tálákà. Ní ọdún 1971, àwọn obìnrin aláìní kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut, tí wọn kò rí nǹkan bí 60 dọ́là tí wọn yóò fi pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ wọn dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ilé-ẹjọ́ náà dáhùn pé ìjọba kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nítorí àìní owó.

Ìtàn kan wà tí yóò jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ òtítọ́ ṣe wúwo tó níwájú adájọ́ tòótọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, obìnrin kan ní California jẹ owó lọ́tìrì. Ìpín tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Tẹ́tẹ́ jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, kì í ṣe nítorí owó náà ni a ṣe ń sọ ìtàn yìí. Obìnrin náà kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ó kọ àkọsílẹ̀ ohun ìní rẹ̀, kò fi owó yìí sí i. Wọ́n tú wọn ká, ọkọ gba kádàrá. Nígbà tí ó di ọdún 1999, lẹ́tà kan ṣèèṣì dé ọwọ́ ọkọ, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń bá àwọn tí ó jẹ lọ́tìrì dòwò pọ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Adájọ́ ní Los Angeles gba gbogbo ìpín náà pátápátá lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó fi fún ọkọ, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 2001. Bí ó bá ti sọ òtítọ́ ní, ó kéré tán, ìdajì ìbá jẹ́ tirẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín pé àwọn aláìgbàgbọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó má tíì rẹ́rìn-ín o. Àwọn Mùsùlùmí náà ti dé iwájú àwọn adájọ́ wọ̀nyí.

Ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní ọdún 2002, ìyàwó kan béèrè sàdáàkì rẹ̀ tí ó kù. Nígbà tí wọ́n ń so yìgì, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ yóò san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là fún un nígbà tí ó bá yá, ọkọ àti ìyàwó sì fọwọ́ sí i níṣojú àwọn ẹbí. Ọkọ wá sọ níwájú adájọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, pé ilé-ẹjọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ dá sí i. Adájọ́ náà kò gbà fún un. Ó ní àdéhùn ni, àti pé ẹni tí ó bá ṣe àdéhùn gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ẹ gbọ́ bí adájọ́ tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe ń dá Mùsùlùmí padà síbi ẹ̀tọ́ tí ẹ̀sìn rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún un!

Ní ìpínlẹ̀ Maryland, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n so yìgì ní Karachi ní ilẹ̀ Pakistan ní ọdún 1980, tí wọ́n sì ti gbé ní Amẹ́ríkà ju ogún ọdún lọ. Ìyàwó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní ọdún 2003. Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, ọkọ dìde, ó lọ sí ilé aṣojú ìjọba Pakistan ní Washington, ó kọ ọ́ sínú ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé òun kọ ìyàwó òun sílẹ̀, ó sì padà wá sọ pé ẹjọ́ ti parí, pé kìkì sàdáàkì tí ó kù, tí kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ, ni ẹ̀tọ́ ìyàwó. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé àwọn kò gba irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò fún obìnrin náà láàyè láti gbọ́ tàbí láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pariwo pé wọ́n tàbùkù Ìsìláàmù. Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Òótọ́ ni pé òfin Maryland àti Ṣẹ̀ríà kò pín ohun ìní tọkọtaya bákan náà, ilé-ẹjọ́ yẹn sì fi òfin tirẹ̀ dájọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó gbé ọkùnrin náà dìde lọ sí Washington? Ṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni, àbí ìbẹ̀rù owó? Àlùkùránì Alápọ̀ńlé pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ka àsìkò ìddah rẹ̀, kí ó mú ẹlẹ́rìí olódodo méjì, kí ó sì fi ọ̀nà rere dá a sílẹ̀. Ó tún kọ̀ fún ọkọ láti fi ìyàwó sínú ìnira kí ó lè jẹ gàba lé e lórí. Ẹni tí ó kó gbólóhùn mẹ́ta jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí kí ó lè sá fún ẹjọ́ kò lè sọ pé òun ń tẹ̀lé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Obìnrin California fi owó pamọ́, ọkùnrin Maryland fi ẹ̀sìn bojú. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Bí ìyàtọ̀ bá wà, ti ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣe asà ni ó burú jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà tàbí tí ẹ̀ ń múra àtilọ síbẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀. Yìgì tí a so ní mọ́ṣáláṣí láìgba ìwé àṣẹ ìjọba lè mú kí ẹ̀tọ́ ìyàwó ṣòro láti gbà lọ́jọ́ ìjà. Gbólóhùn ìkọ̀sílẹ̀ tí a fi ẹnu sọ tàbí tí a fi tẹlifóònù rán kò tú ìgbéyàwó tí ìjọba ti kọ sínú ìwé ká, ẹni tí ó bá sì lọ fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí rẹ̀ ti rú òfin ilẹ̀ náà. Ẹ kọ sàdáàkì sílẹ̀ kedere, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti ìgbà tí a ó san án. Ẹ̀yin òbí ọmọbìnrin, ẹ má ṣe tijú láti béèrè bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ yìgì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkún ọjọ́ ẹjọ́.

Ní ti àṣírí ilé, Ànábì wa kọ̀ fún ọkọ àti ìyàwó láti máa tú ohun tí ó wà láàárín wọn síta. Àmánà ni, ìkọ̀sílẹ̀ kò sì fagi lé àmánà náà. Bí ìjà bá dé, Àlùkùránì ní kí a yan onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ àti ọ̀kan láti inú ẹbí ìyàwó. Ẹ fi onílàjà wọ̀nyí wé onílàjà orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn méjì yìí mọ ilé, wọ́n mọ ọ̀nà. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí, kò sí kámẹ́rà, kò sí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́. Bí ilé náà bá tòrò, ayọ̀ wọn ni. Bí ó bá tú, ìbànújẹ́ wọn ni, nítorí pé ọmọ wọn ni ọkọ, ọmọ wọn ni ìyàwó. Onílàjà orí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bí ilé náà bá tòrò ní kíá, kí ni yóò kù tí àwọn oníṣòwò yóò fi hàn?

Ẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin tí ẹ ti so yìgì: bí ìjà bá dé sí ilé yín lálẹ́ òní, ta ni onílàjà láti inú ẹbí yín? Ṣé ẹ ti yan ẹnìkan tí ẹ lè gbọ́ràn sí lẹ́nu? Bí kò bá sí, ẹ wá a kí ìjà tó dé. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Bí ìyà bá sì pọ̀ jù, tí ìlàjà kò bá ṣeé ṣe, ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́hun ni ó gbà á láàyè. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú òtítọ́ àti pẹ̀lú ẹnu tí ó mọ ìdí tí ó fi yẹ kí ó dákẹ́.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilé wa tòrò, kí Ó má fi ọ̀rọ̀ ilé wa ṣe ẹ̀rín fún àwọn òǹwòran. Àmín.